Púlọ́ọ̀gì Ògúnṣakin

Ẹ súnmọ́ra. Òjò yìí kò tíì ṣe tán pẹ̀lú wa, kò sì sí ẹni tó máa gun òkè Ìpólé nínú ẹrẹ̀ yìí àfi ẹni tí ayé ti sú. Kàmórù mẹkáníìkì, fi sípánà yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ kì í tán, ọjọ́ ayé ló ń tán. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbé igbá yín wọ abẹ́ páànù. Tíṣà Fágbohùn, ìwọ náà jókòó, kí o sì di ẹnu rẹ mú títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe fún ọ.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n nígbà tí bàbá ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń sá fún ewúrẹ́. Mo ti wo iwin lójú, iwin ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mi ò fọ́nnu o, mò ń ròyìn ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò ní pe ara mi ní "mo" nínú rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lọ sí ẹnubodè àwọn òkú tó sì padà, bó bá ń ròyìn, kó má ṣe sọ pé "mo lọ", kí àwọn ará ọ̀hún má bàa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n rò pé ó tún ti ń bọ̀. Nítorí náà, Ọdẹ́rìndé ni a ó máa pe ọkùnrin náà.

"Bàbá, ṣebí orúkọ yín gan-an ni Ọdẹ́rìndé?"

Tíṣà, kí ni mo sọ nípa ẹnu?

Ọdẹ́rìndé ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣọdẹ pọ̀ lórí àwọn òkè wa wọ̀nyí. Ògúnṣakin ló ni alùpùpù, òun ló sì ń wà á. Ọdẹ́rìndé ló máa ń jókòó sẹ́yìn, tí á gbé ìbọn àwọn méjèèjì dání. Máṣìn náà ti dàgbà. Ọ̀dà ara táńkì rẹ̀ ti ṣí, wáyà ni wọ́n fi so sìlẹ́ńsà rẹ̀ mọ́ra, awọ ẹtu ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀. Sùúrù ni Ògúnṣakin sọ ọ́. Ìdí ni pé bí ẹ bá tẹ kíìkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, á wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń gbà.

Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, Ògúnṣakin á yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á fi sáńpépà ha á, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, á wá dá a padà sí àyè rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun kan wà nínú báàgì rẹ̀ tí kò lò rí. Ó ní òun ń tọ́jú ìyẹn de ọjọ́ líle.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ojú Ọdẹ́rìndé wà lára máṣìn yẹn. Nínú ogójì ọdún, kò jókòó níwájú rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan.

Ògúnṣakin wá kú. Ẹkùn kò pa á, igi kò wó lù ú. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, lẹ́yìn tó jẹyán tán, tó sì sọ pé iyán náà dára. Àwa ọdẹ, bí ọ̀kan nínú wa bá lọ, a máa ń ṣe ìpà fún un. A ó kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, a ó gbé e lọ sínú igbó, kí òun àti ẹgbẹ́ lè pínyà tayọ̀tayọ̀. Ìbọn Ògúnṣakin lọ, apó rẹ̀ lọ, àdá rẹ̀ lọ, fìlà rẹ̀ náà lọ. Bí òkú bá ṣe fi nǹkan sílẹ̀ la ṣe ń gbé e. A kì í nu ìbọn òkú, a kì í pọ́n àdá òkú, torí ẹni tó bá tún un ṣe ti jogún rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ èyí.

Ó wá ku máṣìn. Àwọn kan ní ohun èlò ọdẹ ni, àwọn kan ní ẹsẹ̀ ìrìn lásán ni. Olúọdẹ, olórí wa, fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Ohun tí kò bá lè yìnbọn, tí kò lè gé nǹkan, kì í ṣe ohun èlò ọdẹ." Ó wá yíjú sí Ọdẹ́rìndé. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Kí lo rí sí i?"

Ọdẹ́rìndé mọ̀ dájú pé láti ogójì ọdún, kò sí ẹran kan tí àwọn méjèèjì pa tí máṣìn yẹn kò sí níbẹ̀. Ó wo máṣìn. Máṣìn náà dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ odi, awọ ẹtu ń dán lórí rẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní, "Bí ẹ ṣe wí i náà ni, Bàbá."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Láti ọjọ́ kejì, ìbọn gbogbo ọdẹ ìlú kọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á wúkọ́, á sì dákẹ́. Ẹtu ń kọjá lẹ́yìnkùlé, ó tún ń dúró wo àwa ọdẹ pẹ̀lú àánú. Lọ́jọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, Ọdẹ́rìndé ń tòògbé lábẹ́ igi máńgòrò ló bá rí Ògúnṣakin tó dúró níwájú rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ògúnṣakin! Jókòó, jókòó."

"Mi ò lè jókòó. Ẹnubodè ni mo dúró sí láti ọjọ́ tí mo ti kú. Oníbodè ní ohun èlò mi kò pé, òun kò ní jẹ́ kí n wọlé."

"Kí ló kù?"

"Ọdẹ́rìndé, o mọ ohun tó kù."

Ó wá júwe ọ̀nà ibẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó ní ọjọ́ méje ló kù fún òun. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá wọ̀ tí òun ṣì wà níta, wọn ó sọ òun di ìjì orí òkè, èyí tó máa ń dúró sí kọ́nà tó ń ti àwọn tó gun alùpùpù ṣubú. "Mi ò fẹ́ ti ọmọ ẹnì kankan ṣubú," ló wí. "Ẹsẹ̀ sì ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló pa Ọdẹ́rìndé. Ìjì, ìbọn tó kọ̀, ìyẹn ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ ẹni dúró lórí ìdúró lọ́jọ́ mélòó kan nítorí pé ẹnì kan dákẹ́! Ó sunkún bí ọmọdé. Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran: ó dìde, ó lọ sílé Ògúnṣakin.

Àyìnkẹ́, ìyàwó olóògbé, kò bá a jiyàn. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ fún un: sípánà mẹ́ta, ìgò ọ́ìlì, àdín, gọ́ọ̀mù táyà, páǹpù, àti púlọ́ọ̀gì tuntun yẹn nínú páálí rẹ̀. Ó ní, "Bó bá kọ̀ lọ́nà, ẹ má bú u o. Bàálé mi kò bú u rí. Èmi nìkan ló máa ń bú u, kò sì sú u."

Báyìí ni Ọdẹ́rìndé ṣe jókòó níwájú Sùúrù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ. Kí ni n ó tún máa ka òkè fún yín sí? Òkè tí ẹ mọ̀ tán, òkè tí ẹ kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìlú àkọ́kọ́ tó dé ni Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Orí dàgẹ̀rẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé wọn sí, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì gbogbo ará ìlú kúrú ju tọ̀tún lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ọbẹ̀ máa ń wà nínú àwo wọn. Wọ́n ní àìsàn ni ilẹ̀ títẹ́jú, pé ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣubú. Baálẹ̀ wọn dá Ọdẹ́rìndé dúró, ó ní kò sí àlejò tó ń gun òkè àwọn láìjẹ́ pé ó túmọ̀ àlọ́. Ó ní, "Kí ló ń mu lójoojúmọ́, tó ń pariwo, tó ń rú èéfín, tí a kò sì lè tà á?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Alùpùpù ni."

"Rárá o. Bàbá ìyàwó mi ni."

Ọdẹ́rìndé kò gbà. Baálẹ̀ náà kò gbà. Wọ́n pe bàbá ìyàwó jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìn pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu àti akèrègbè ẹmu lọ́wọ́. Gbogbo ìlú wò ó, wọ́n wo máṣìn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì jàre. Nítorí ìtìjú pé wọ́n bá àlejò jiyàn, wọ́n kó ọmọkùnrin méjìlá jọ, wọ́n bá Ọdẹ́rìndé ti Sùúrù dé góńgó òkè. Orí góńgó yẹn ni ṣéènì ti já. Ọdẹ́rìndé yọ egungun kan kúrò nínú rẹ̀, ó fi òkúta lù ú papọ̀, ó fi àdín pa á láti òpin dé òpin. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, níbo ni ìlú yẹn wà nínú àwòrán ayé?"

Tíṣà, ẹni tó ya àwòrán yẹn, ṣé ó gun máṣìn débẹ̀ ni?

Láti ibẹ̀ ló ti wọ igbó kan tí ewé rẹ̀ kì í mì. Àárín igbó yẹn ni Sùúrù ti kú. Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ sí i, ó tẹrí ba, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Jọ̀ọ́." Nígbà tó máa gbójú sókè, iwin mẹ́rìndínlógún ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹrí ba. Ọ̀kan tí orí tirẹ̀ wà ní orúnkún kò mọ bí òun ó ti ṣe é, ó dùbúlẹ̀ pátápátá.

Àgbà inú wọn bi í pé, "Òrìṣà wo nìyí?"

Ọdẹ́rìndé rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Sùúrù ni."

"Ṣé ó máa ń dáhùn?"

"Ní ẹ̀ẹ̀kẹta."

Iwin náà mí kanlẹ̀. "Tiwa kì í dáhùn rárá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń pè é."

Bí wọ́n ṣe gba máṣìn nìyẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi bọ ọ́. Wọ́n gbé obì síwájú táyà, wọ́n da ẹmu sílẹ̀, wọ́n ń ròyìn ìṣòro ilé wọn fún iná iwájú. Ọkàn Ọdẹ́rìndé kò balẹ̀ mọ́, nítorí ọjọ́ ń lọ, Ògúnṣakin sì wà lórí ìdúró. Lọ́jọ́ kejì, àgbà iwin náà ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Bí òrìṣà yìí kò bá dáhùn kí oòrùn tó kàn wá lórí, ìwọ àwòrò rẹ̀ ni a ó fi ṣe ẹbọ."

Ọdẹ́rìndé tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí nǹkan. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí sáńpépà. Ó ju ti àtijọ́ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe wà, ó ya páálí ti tuntun, ó dè é mọ́bẹ̀. Bí ọjọ́ yìí kò bá le, èwo ló tún máa le? Ó tẹ kíìkì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, sìlẹ́ńsà dún gbàù! Iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún dojú bolẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń gbójú sókè nígbà tí òrìṣà bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó rí Ọdẹ́rìndé nígbà tó ń lọ.

Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo nígbà tó dé òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnubodè. Ìsọ̀kalẹ̀ náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àárín rẹ̀ ni búréèkì ti tán. Máṣìn ń sáré, Ọdẹ́rìndé ń ké pe gbogbo ẹni tó bí i. Ìyá arúgbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀. Ọdẹ́rìndé kò lè dúró. Ìyá náà fò gun ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ò rí mi ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Búréèkì ò sí."

"Ó yẹ kí o ti sọ." Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń ha òkúta, èéfín ń rú, máṣìn ń rọra. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ìyá náà gbọn èérú ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó ní kò burú, pé ẹsẹ̀ òun ti pẹ́ láyé ju òkè náà lọ.

Òkúta ti bẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ọdẹ́rìndé tú u, ó lẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ẹ, ó fún okùn búréèkì. Nígbà tó rí i pé eruku pọ̀ lára táńkì, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó nù ún títí ó fi ń dán. Ìyá arúgbó náà jókòó, ó ń wò ó.

"Ta ló ni máṣìn yìí?"

"Ògúnṣakin ni, ọ̀rẹ́ mi tó kú. Mò ń gbé e lọ fún un."

Ìyá náà wo ọwọ́ Ọdẹ́rìndé, tí ọ́ìlì mú dúdú dé ìgúnpá. "Ó dára," ló wí. "Mo kàn ní kí n bèèrè ni." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ ti mọ̀, àbí? Ọdẹ́rìndé kò mọ̀. Ìbọn òkú, kò ní nù ún láéláé. Ṣùgbọ́n máṣìn! Ta ni í gun máṣìn tí kì í tún un ṣe?

Oòrùn ti ń sún mọ́ orí òkè nígbà tó dé ẹnubodè. Oníbodè jókòó lórí àpótí. Ògúnṣakin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu. Nígbà tó rí Ọdẹ́rìndé, ó rẹ́rìn-ín.

Oníbodè dìde, ó yí máṣìn po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ṣéènì. "Ta ló so èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló lẹ táyà?"

"Èmi ni."

"Ta ló nu táńkì? Púlọ́ọ̀gì tuntun yìí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Oníbodè padà jókòó. "Ó dára. Mo ti rí máṣìn rẹ, o sì ń tọ́jú rẹ̀ gan-an. Ti Ògúnṣakin dà?"

Ìgbà yẹn ni ojú Ọdẹ́rìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọdẹ ogójì ọdún! Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jogún ohun tó gbé wá fi sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú sì tì í pé òun jókòó níwájú ẹni tí kò lè jókòó. Ó ní, "Ògúnṣakin, dárí jì mí. Nígbà tí Olúọdẹ bi mí, mo mọ̀. Mo fẹ́ máṣìn yẹn ni. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni Ògúnṣakin wí. "Ogójì ọdún lo fi ń mí sí mi lọ́rùn ní gbogbo kọ́nà, bí ẹni pé ìwọ lò ń wà á. Mi ò bínú. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn mí." Ó tún wo máṣìn. "O lo púlọ́ọ̀gì tuntun mi?"

"Mo lò ó."

"Mò ń tọ́jú ìyẹn de ọjọ́ líle ni o."

"Ọjọ́ náà le."

"Kò burú. Ti àtijọ́ dà? Má sọ fún mi pé o jù ú nù."

Ọdẹ́rìndé ki ọwọ́ bọ àpò. Ó wà níbẹ̀, dúdú, kò fọ̀ ọ́, kò ha á, kò fẹ́ ẹ. Ẹni tó fọ̀ ọ́ kẹ́yìn ni Ògúnṣakin, ní Sátidé tó ṣáájú ikú rẹ̀. Oníbodè gbà á, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

"Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára èyí," ló wí. "Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣáná," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn. "Bó bá ṣáná, nǹkan á dún, a ó sì lọ."

"Ó ń ṣáná, ó sì ń dún. Ìbọn ni." Oníbodè ṣí ilẹ̀kùn. "Ohun èlò rẹ pé. Wọlé."

Oòrùn ku bí ìbú ìka kan kó wọ̀. Ògúnṣakin gba púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ọdẹ́rìndé ní, "Kí ni kí n ṣe sí Sùúrù?"

"Máa gùn ún. Tìẹ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, táyà iwájú á máa gbéra níbi gíga. Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí. Wá ẹni tí wàá máa gbé."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn padé. Ọdẹ́rìndé fi etí lélẹ̀kùn, ó gbọ́ tí àpótí kan dún nínú lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan sì sọ pé, "Háà." Ó ti jókòó.

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe padà wálé, ìyẹn kò le. Ìbọn ìlú ń dún, ẹtu kò káàánú wa mọ́. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Gbogbo Sátidé ló ń yọ púlọ́ọ̀gì, tó ń fọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ń gun òkè Ìpólé ni táyà iwájú ń gbéra, tí ẹ̀yin sì ń pariwo pé bàbá arúgbó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ohun tí Ògúnṣakin ní kí n ṣe, mi ò tíì ṣe é. Ibi tó ṣófo lẹ́yìn yẹn, ibùjókòó mi ni. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, a jẹ́ pé mo ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Ògúnṣakin nìyẹn.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ò ní sọ pé 'mo'."

Tíṣà, kí àwọn ará ọ̀hún gbọ́. Ó ti jókòó, kò ní dìde nítorí ohùn mi.

Òjò ti dá. Kàmórù, bá mi ti máṣìn yẹn jáde, kó má bọ́ sínú ẹrẹ̀. Tíṣà Fágbohùn, ṣebí orí òkè ni ilé rẹ wà? Dìde, má wò mí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti gbà.

Gùn ún. Ìbọn mi nìyí, gbà á. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ń gbé e.